Ìjókòó 26 ní Òkè-Mosàn: Iye Ọwọ́ Tó Ń Darí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wà ní Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta, ní ìjókòó 26. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ti Ọdẹ́dá, ẹkùn ìdìbò tí Alábàtà wà. Àgbẹ̀ tó ń wa ẹ̀gẹ́ lóko Alábàtà àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, aṣòfin kan náà ni wọ́n jọ ń yàn.

Nínú ilé tó kéré báyìí, iye mẹ́ta ló yẹ kí olùdìbò mọ̀ sórí: 9, 14 àti 18. Abala 96 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta aṣòfin bá ti péjọ, ìjókòó wọn ti bófin mu. 9 nìyẹn ní Ògùn. Ẹgbẹ́ tó bá ní 14 ló pọ̀ jù nínú ilé. 18 sì ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, iye tó lè yọ Abẹnugan tàbí gómìnà nípò.

Ọdún 2010 la rí agbára 9. Gómìnà Gbenga Daniel fẹ́ yá bílíọ̀nù 100 náírà. Aṣòfin 15 kọ̀, 11 wà lẹ́yìn gómìnà. G-15 àti G-11 ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Ẹgbẹ́ PDP ló ń ṣèjọba, inú rẹ̀ gan-an ni ìyapa náà ti bẹ́. Àwọn 15, tí Abẹnugan Tunji Egbetokun ṣáájú, kò tó 18 láti yọ gómìnà. Àwọn 11 kò tó 14. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, 9 nínú àwọn 11 jókòó, wọ́n ní kí àwọn 15 lọ rọ́kún nílé, wọ́n sì fi Soyemi Coker ṣe Abẹnugan. Àwọn 15 fárí gá. Ọlọ́pàá ti ọgbà ilé aṣòfin pa. Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé ẹkùn 15 tó tò sórí ìlà láti dìbò lọ́dún 2007 kò lẹ́nu mọ́ nínú ilé tiwọn, ó sì pẹ́ títí kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀.

Ní Rivers, ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣòfin 4 péré nínú 32, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ni gómìnà ibẹ̀ gbé ètò ìṣúná wá bá ní oṣù Kejìlá 2023. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé e ní oṣù Kejì 2025.

Ògùn tún fojú rí agbára 18. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2024, aṣòfin 18 yọ Abẹnugan Ọlákúnlé Olúọmọ, ará Ìfọ̀. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo fà sẹ́yìn ni, ìyọnípò náà kì bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Olúdáìsí Elemide, aṣojú Ọdẹ́dá, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí Alábàtà dìbò fún ṣe gorí àga Abẹnugan.

Ọjọ́ kan náà ni ìdìbò gómìnà àti ti aṣòfin máa ń wáyé. 18 oṣù Kẹta ni ti 2023. Nínú ìdìbò gómìnà, ìbò 276,298 ni Dàpọ̀ Abíọ́dún ní, Ladi Adebutu ní 262,383. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ aṣòfin ẹkùn wọn. Ìwé ìdìbò méjì ni wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ka sí méjèèjì.