Ará Ilé Tàbí Ará Ìta? Ẹjọ́ Owó Yunifásítì ní Texas

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pe ìpínlẹ̀ Texas lẹ́jọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹjọ́ ti parí. Ken Paxton, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, kò jiyàn rárá; ó gbà pé olùpẹjọ́ jàre, Adájọ́ Reed O'Connor sì buwọ́ lu àdéhùn wọn. Bí òfin ọdún 2001 ṣe wọlẹ̀ nìyẹn, òfin tó jẹ́ kí àwọn ọmọ tí òbí wọn kó wọ Amẹ́ríkà ní kékeré, tí wọn kò níwèé ìgbélùú, máa san iye kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Texas yòókù ní yunifásítì ìjọba.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n rò pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kàwé tẹ́lẹ̀. Rárá o. Wọ́n ń sanwó, ẹ̀yáwó àti ẹ̀bùn owó ìjọba àpapọ̀ kò sì kàn wọ́n. Iye tí wọ́n ń san ni ìjà wà lórí rẹ̀. Owó méjì ni yunifásítì ìjọba ní lọ́hùn-ún: ti ará ìpínlẹ̀ àti ti ará ìta. Ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, owó ará ìta ju ìlọ́po mẹ́ta owó ará ìpínlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti sanwó ọmọ rí ní yunifásítì ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ìlú bàbá ẹni ni wọ́n ń wò ní Nàìjíríà. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò ní Amẹ́ríkà.

Ibùgbé yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọdún 1996, Bill Clinton buwọ́ lu òfin ìwọ̀lú kan. Òfin náà kò ní kí ìpínlẹ̀ má dín owó kù fún ọmọ tí kò níwèé. Ohun tó sọ ni pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fún un ní àǹfààní ilé ẹ̀kọ́ gíga nítorí pé ó ń gbé níbẹ̀, àyàfi bí ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé níbòmíràn náà bá lè rí i gbà. Àwọn aṣòfin California fojú sí gbólóhùn yẹn dáadáa kí wọ́n tó kọ tiwọn, ní ọdún 2001 kan náà. Wọ́n fo ibùgbé dá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ girama California, tó sì jáde níbẹ̀, kó san owó tó kéré. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe girama ní Los Angeles, tí òbí rẹ̀ wá kó lọ sí Nevada, lè jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ California ní 2010, kò sí adájọ́ kankan tó lòdì sí òfin náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ọ.

Texas kò ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí girama, ó ní kí ọmọ náà ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta, ó sì kà á sí ará Texas. Ògiri lanu níbẹ̀, aláǹgbá sì wọlé. Ó ṣeé ṣe kí òfin náà ṣubú kódà bí wọ́n bá jà fún un. Ṣùgbọ́n ta ló jà? Ìdájọ́ tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ jọ fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ kan kò dán òfin kankan wò. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò MALDEF, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Latino, fi wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹjọ́, ìdájọ́ ti jáde.

Ó yani lẹ́nu pé gómìnà ẹgbẹ́ Republican, Rick Perry, ló buwọ́ lu òfin náà. Ní 2011, nígbà tó ń dupò ààrẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àwọn tó tako òfin náà ní aláìláàánú, ọ̀rọ̀ yẹn sì ṣàkóbá fún un. Kì í sì í ṣe pé àwọn òbí wọn kì í san owó orí. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù òṣìṣẹ́. Owó orí ọjà àti ti ilé ni ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ibẹ̀ fi ń ná, ẹni tí kò níwèé sì ń san án bó bá ra bàtà tàbí háyà ilé.

Florida ti fúnra rẹ̀ fagi lé irú òfin yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà lẹ́jọ́, Oklahoma gbà bíi Texas, àmọ́ Minnesota àti California yàn láti jà. Ẹjọ́ ti California ló yẹ kí ojú wà lára rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ òfin náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Houston tí físà òbí wọn ti parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ní green card ni ìdájọ́ náà mú. Ẹni tó wà nílùú lábẹ́ òfin kò sí nínú rẹ̀. Kí òbí tọ agbẹjọ́rò ìwọ̀lú lọ kó tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́.