Òòyì àti Àníyàn: Ìṣòro Orúkọ

Nígbà tí aláìsàn bá wí fún dókítà pé òòyì ń kọ́ òun, ọ̀rọ̀ kò tíì yéni tán. Ó lè jẹ́ pé ilé ń yí po lójú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé orí rẹ̀ fúyẹ́ lásán, tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Nínú ìwé ìṣègùn, ó yẹ kí òòyì dúró fún ti àkọ́kọ́ nìkan, kí ìyókù máa jẹ́ orí fífúyẹ́ àti àìranlẹ̀. (Àìdúróṣinṣin kò bá a mu, nítorí ìwà ènìyàn ni ó ń tọ́ka sí.)

Irú ìṣòro orúkọ báyìí ti wà ní Yúróòpù rí. Ní 1861, Prosper Ménière ṣàlàyé ní Paris pé òòyì lè ti inú etí wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń di ẹ̀bi ru ọpọlọ. Ní 1870, Moritz Benedikt pe ìṣòro àwọn tí kò lè gba pápá gbangba kọjá ní òòyì. Ní 1871, Carl Westphal pe ohun kan náà ní ẹ̀rù.

Àwọn méjèèjì rí apá kan òtítọ́. Ẹni tí òòyì ti gbé ṣubú lọ́jà kì í fẹ́ dá ọjà lọ mọ́. Ó ń ṣọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ gbogbo. Bí ó ti ń ṣọ́ ọ tó ni àyà rẹ̀ ń já tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ranlẹ̀ mọ́, bí etí tilẹ̀ ti sàn. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a fi orúkọ Robert Bárány sọ fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún irú èyí: kí ó ti tó oṣù 3, kí ó sì máa le sí i bí ènìyàn bá dìde dúró tàbí tí ó ń wo èrò tí ń lọ tí ń bọ̀. Wọn kò kà á sí àìsàn ọpọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àníyàn a máa bá a rìn. Àìranlẹ̀ àìlọbọ̀rọ̀ ni ìbá bá a mu ní Yorùbá.

Ọdẹ orí kò lè rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwádìí Mákanjúọlá ní 1987, nǹkan tí ń rìn kiri nínú orí àti ariwo inú etí ni àwọn ọlọ́dẹ orí ń sọ. Ìsoríkọ́ àti àníyàn ni ó sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àrùn ọpọlọ burú jù ú lọ: wèrè ni etí ará ilé yóò gbọ́, aláìsàn yóò sì fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ fún dókítà. Àníyàn, ìpayà àti ìsoríkọ́ tó fún iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè méjì sì wà tí ó yẹ kí ó wọ inú ìwé àyẹ̀wò: "Ṣé ilé ni ó ń yí po lójú yín, àbí ẹsẹ̀ yín ni kò ranlẹ̀?" àti "Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹ kì í lọ mọ́ nítorí rẹ̀?"