Ìrìn-Àjò Ẹgbẹ́ sí Ilẹ̀ Ṣáínà: Ohun tí Owó náà Rà àti Ohun tí Kò Rà

Ilẹ̀ Ṣáínà kò jìnnà sí wa mọ́ bí ó ti jìnnà sí àwọn baba wa. Ojú irin titun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́ ọ, ó sì gba ilẹ̀ Ifo kọjá ní Kájọlà. Ní Ìgbẹ́sà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Guangdong, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ilẹ̀ náà. Iná ìléwọ́, abọ́, bàtà àti aṣọ tí à ń rà ní ọjà Owódé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti ọ̀hún wá. Nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ní Mowe, Ibafo àti Ifo ń fẹ́ lọ sí ibẹ̀, àwọn kan láti fi ojú ara wọn rí Odi Ńlá, àwọn mìíràn láti ra ọjà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ilẹ̀ náà, tí kò sì ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀, kì í sábà dá lọ. Ẹgbẹ́ ni yóò bá lọ, nínú irú ìrìn-àjò tí a ń san owó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ń pè ní páákéèjì.

Àwa kò kọ ìwé yìí láti dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣùgbọ́n owó tí a ń gbé lé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó ọjọ́ kan. Owó èésú ni, owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, nígbà mìíràn owó ilẹ̀ tí a tà ni. Ó yẹ kí ọkọ àti aya jókòó ti ìwé tí aṣojú náà mú wá, kí wọ́n kà á láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i.

Irú ìrìn-àjò yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1841, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Cook, kó nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú Leicester lọ sí Loughborough, fún ìpàdé àwọn tí ó kọ ọtí líle sílẹ̀. Ṣílè kan ni ẹnìkọ̀ọ̀kan san. Láti inú ṣílè kan yìí ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti dìde tí ó ń kó ènìyàn yí gbogbo ayé ká. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Àwọn ará Britain tí ó tó 150,000 ni ó wà ní òkè òkun ní òru náà. Ìjọba wọn rán ọkọ̀ òfuurufú lọ kó wọn wá sí ilé, nítorí òfin ilẹ̀ wọn ti mú kí a máa fi owó pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí bàbá iṣẹ́ náà, kí ni kí a sọ nípa ẹni tí ó ya yàrá kan ṣoṣo lẹ́bàá òpópó Èkó sí Ìbàdàn, tí ó sì ń gba owó àwọn ènìyàn sí orúkọ ara rẹ̀ ní báńkì? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi í kì í ṣe nípa Odi Ńlá rárá. Ta ni yóò dá owó padà bí ìrìn-àjò kò bá ṣẹ, èló ni yóò dá padà, níbo ni a sì kọ ọ́ sí?

Físà ni ó sábà máa ń fa ìjà. Ọmọ Nàìjíríà kò lè wọ ilẹ̀ Ṣáínà láìní físà, ọwọ́ ìjọba Ṣáínà nìkan ni ó sì wà. Aṣojú tí ó bá wí pé físà dájú ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí a béèrè pẹ̀lú bóyá owó físà wà nínú àpapọ̀ owó náà, àti oúnjẹ ọ̀sán, àti owó ìwọlé sí ibi tí a fẹ́ wò, àti ọrẹ tí a ń fún awakọ̀ àti amọ̀nà. Ẹni tí kò ní alábàágbé nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń san owó lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í gbọ́ èyí títí wọn yóò fi dé ọ̀hún. Kí a má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ wa wá.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, a ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí iye tí a dá lé ìrìn-àjò bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìsùn, ẹnìkan ni yóò san ìyókù. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń gba àwọn arìnrìn-àjò ní iye tí kò tó ìnáwó wọn, nígbà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, tí wọ́n sì ń wá èrè wọn lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù ń fún amọ̀nà àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpín nínú gbogbo ohun tí èrò bá rà. Amọ̀nà náà lè má ní owó oṣù tí ó tó jẹun. Lójú rẹ̀, ẹni tí kò ra nǹkan ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Bí ó ti ń rí nìyí. Bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní òwúrọ̀ láti lọ wo Odi Ńlá. Kí ó tó dé ibẹ̀, yóò yà sí ilé kan níbi tí a ti ń gbẹ́ òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní jade. Wọn yóò fi bí a ti ń gbẹ́ ẹ hàn yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹ ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán, ilé aṣọ ṣẹ́dà ni, ní ìrọ̀lẹ́, ilé tíì. Ibìkan ṣì wà tí a ń pè ní ilé ìṣègùn ìbílẹ̀, níbi tí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun yóò ti fi ìka kan ọrùn ọwọ́ yín, tí yóò wo ahọ́n yín, tí yóò sì wí pé kíndìnrín yín kò le, egbòogi oṣù mẹ́ta ni yóò wò ó. Ta ni ó ti jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú fún odidi òru, tí ó sì ti rìn káàkiri láti àárọ̀, tí ibìkan kò ní máa dùn ún? Nígbà tí ẹ bá fi dé Odi Ńlá, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, a ó sì sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe pẹ́.

Kì í ṣe àwa àjèjì nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 2015, àwòrán kan tí a yà nínú bọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Yunnan tàn ká gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Amọ̀nà obìnrin kan ni ó ń bú àwọn èrò rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ṣáínà bí tirẹ̀, nítorí pé ọjà tí wọ́n rà kò tó. Ìjọba gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú èyí, òfin titun lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ó ka á léèwọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti fi iye tí kò bọ́gbọ́n mu tan ènìyàn kí ó sì máa jẹ èrè lára ọjà rírà. Ó tún fún arìnrìn-àjò ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò láti béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó rú òfin yìí bá òun dá ọjà padà kí òun sì gba owó òun. Ṣùgbọ́n òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí èrò àti ilé-iṣẹ́ bá jọ fi ohùn sí i. Nítorí náà, bí a bá gbé ìwé kan tí a fi èdè Ṣáínà kọ fún yín nínú bọ́ọ̀sì pé kí ẹ fi ọwọ́ sí i, ó lè jẹ́ pé ẹ̀tọ́ yín gan-an ni ẹ ń fi ọwọ́ sí nù. Ẹ sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ rí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo rìsíìtì ni kí ẹ pamọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí aṣojú kọ iye ṣọ́ọ̀bù tí a ó dé sínú ìwé kí ẹ tó kúrò ní ilé. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ti dá yín lóhùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ń fẹ́ ojú tí ó mọ́ pẹ̀lú. Kí a rí ibìkan yàtọ̀ sí kí a wọ inú rẹ̀. Ààfin àwọn ọba àtijọ́ ní Beijing, tí a sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1925, kì í sábà ṣí ní ọjọ́ Ajé, a sì ń fi nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù gba àyè ìwọlé rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹgbẹ́ tí a kò bá gba àyè fún, ìta ni yóò ti ya àwòrán. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Xi'an ni àwọn ọmọ ogun tí a fi amọ̀ mọ wà, tí àwọn àgbẹ̀ tí ń gbẹ́ kànga bá pàdé ní ọdún 1974. Àwọn ẹlẹ́tàn ti mọ irú ère wọ̀nyí sí ibòmíràn ní agbègbè náà, wọ́n sì ń kó àlejò lọ síbẹ̀ gbowó, títí ìjọba fi wó irú rẹ̀ ní ọdún 2017. Odi Ńlá pàápàá kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Badaling ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, ó sì ní ọkọ̀ tí a fi okùn irin gbé sókè, ohun tí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ìyá àgbà lọ gbọ́dọ̀ rò, nítorí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga.

Ti àwọn oníṣòwò yàtọ̀ díẹ̀. Ọjà Canton ní ìlú Guangzhou ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, tí a sì ń ná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti àárín oṣù kẹrin àti láti àárín oṣù kẹwàá. Ìpele mẹ́ta ni a pín in sí, ọjọ́ mélòó kan sì wà láàrin wọn. Ẹ̀rọ àti ohun èlò iná ni ó ṣáájú, ohun èlò ilé ni ó tẹ̀ lé e, aṣọ àti bàtà wà ní ìkẹyìn. Alábàtà tí aṣojú rẹ̀ kó lọ ní ìpele kìn-ín-ní, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú pọ́ọ́kú ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀rọ ìlọta ni yóò máa wò. Ilé ìsùn sì máa ń gbówó lórí ní gbogbo àkókò ọjà náà. Ògbufọ̀ tí ẹgbẹ́ fún yín lè máa gba ìpín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó mú yín lọ, gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà ti ń gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Bí a bá sì ní kí ẹ san àsansílẹ̀ sí àpò ènìyàn kan dípò àpò ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọjà, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Òfin ilẹ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Àlejò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ibi tí ó wọ̀ sí láàrin wákàtí 24. Hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣe èyí fún èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ sùn sí ilé ọ̀rẹ́ ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró kọjá ọjọ́ físà rẹ̀ lè san 500 yúànì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí físà bá sì jẹ́ ti ẹgbẹ́, bí ẹgbẹ́ ti wọlé pọ̀ ni yóò jáde pọ̀. Ohun tí ó burú jù ni ẹrù ẹlòmíràn. Ní ọdún 2007, a mú ọmọ Britain kan, Akmal Shaikh, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Urumqi pẹ̀lú nǹkan bí kílò mẹ́rin oògùn heroin nínú àpótí. Ó wí pé àpótí náà kì í ṣe tòun, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wí pé orí rẹ̀ kò pé. Ìjọba Britain bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2009. Ẹni tí ó bá bẹ̀ yín nínú ẹgbẹ́ pé kí ẹ bá òun gbé àpò kékeré kan, ì báà jẹ́ ará ìjọ yín, ẹ má ṣe gbà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. WhatsApp, Facebook àti Google ni ìjọba Ṣáínà ti dí lọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó sì ti wà láìsùn nítorí pé ọkọ dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, láìmọ̀ pé fóònù rẹ̀ ni kò gba ọ̀nà. Ẹ jọ sọ ọ̀nà mìíràn tí ẹ ó fi máa gbọ́ ohùn ara yín kí ẹ tó dágbére, kí ẹ sì fi nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì àti ti amọ̀nà sílẹ̀ ní ilé. Wákàtí méje ni Ṣáínà fi ṣáájú wa. Bí ó bá di agogo mẹ́jọ alẹ́ ní Guangzhou, agogo kan ọ̀sán ni ó ń lù ní Owódé.