Bí Ẹ Kò Bá Gbé Fóònù, Ta Ni Yóò Gba Iṣẹ́ Tí Wọ́n Jẹ́ fún Yín?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn pàdánù ohun ńlá. Ọ̀rọ̀ voicemail ni, ìyẹn àpótí tí ohùn ẹni tó pè wá máa ń wà nígbà tí a kò bá gbé ìpè.

Nílé, púpọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ lo voicemail. Ẹni tó bá pè wá tí a kò gbé e yóò tún pè, tàbí kó "flash" wa, tàbí kó rán ọmọ wá sí ojúlé wa. Lónìí, WhatsApp la fi ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì ìlú yìí ní àṣà tiwọn. Káńsù Lewisham tó wà ní Laurence House ní Catford, University Hospital Lewisham, GP, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti Jobcentre, gbogbo wọn ló lè fi ìránṣẹ́ sílẹ̀ fún yín sínú voicemail. Nígbà míì nọ́ńbà wọn kì í hàn rárá. "No Caller ID" tàbí "Private Number" ni ẹ máa rí. Ẹ kò lè pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà. Bí voicemail yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kò ní mọ ẹni tó pè, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fẹ́ sọ.

KÍ LÓ LÈ BỌ́ MỌ́ YÍN LỌ́WỌ́?

Ilé ìwòsàn lè pè pé ẹnì kan ti fagi lé àyè rẹ̀, pé ẹ lè wá rí dókítà lọ́la. Bí ẹ kò bá dáhùn, wọn á pe ẹlòmíì. Wọ́n lè yí ọjọ́ àdéhùn yín padà. Bí ẹ kò bá sì yọjú, wọ́n lè dá yín padà sọ́dọ̀ GP láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ni, àkókò tí wọ́n fi ń dúró de ìdáhùn sábà máa ń kúrú. Ẹni tó ń gba Universal Credit tí kò lọ sí ìpàdé Jobcentre láìní ìdí tó dára, wọ́n lè gé owó rẹ̀. Ká má tíì sọ ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ní kíláàsì, tí tíṣà ń wá bàbá tàbí ìyá rẹ̀.

FÓÒNÙ ỌWỌ́ ÀTI FÓÒNÙ ILÉ

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà voicemail tirẹ̀. EE ń lo 222, O2 ń lo 901, Vodafone ń lo 121, Three ń lo 123. Ẹ pè é láti orí fóònù yín gan-an, kí ẹ sì ṣe ohun tí ohùn náà bá ní kí ẹ ṣe. Lórí fóònù ilé ti BT, 1571 ni. Ẹ má ṣe fi 1471 pè é: ìyẹn kàn ń sọ nọ́ńbà ẹni tó pè kẹ́yìn ni, bí onítọ̀hún kò bá fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún nǹkan mẹ́rin ṣe.

1. Ohùn ìkíni. Ẹ fi ohùn ara yín sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣe kedere, kó má gùn. Orúkọ tó wà nínú ìwé yín ni kí ẹ sọ. Bí gbogbo àdúgbò bá ń pè yín ní Ìyá Bọ́lá, tí pásípọ́ọ̀tù sì ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ti pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ lò. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ènìyàn sínú àpótí tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ó lè gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ orúkọ tán, orúkọ ìdílé nìkan tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orin gígùn síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré fi í ṣeré.

2. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, ìyẹn PIN. Ẹ yí èyí tí ilé iṣẹ́ fóònù fi síbẹ̀ padà. Ẹ má lo 1234, 0000 tàbí ọdún tí a bí yín. Ìlú yìí ti rí ohun tí àìyí PIN padà lè fà. Ní January 2007, wọ́n rán Clive Goodman, akọ̀ròyìn News of the World, àti Glenn Mulcaire tó ń bá ìwé ìròyìn náà ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ń gbọ́ voicemail ẹlòmíì. Ní July 2011, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ kógbá sílé. PIN tí àwọn ènìyàn kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé.

3. Bí fóònù ṣe ń dún pẹ́ tó. Bí ó bá ń tètè bọ́ sí voicemail kí ẹ tó fa fóònù yọ nínú báàgì, ẹ tẹ *#61#. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù ọwọ́, yóò sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí fóònù fi ń dún. Ẹ ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín fi kún un. 30 ló sábà máa ń pọ̀ jù.

4. Àyè inú àpótí. Àpótí tó kún kì í gba ìránṣẹ́ mọ́. Ẹ máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kí ẹ pa èyí tí ẹ ti gbọ́ rẹ́. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù: ọjọ́, ẹni tó pè, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tó fẹ́. Bí ọmọ yín ló ń bá yín gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni kó kọ ọ́ síbẹ̀, torí ọmọdé máa ń gbàgbé.

Ẹni tó ń lọ sílé fún ọlidé, kó kọ́kọ́ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Bí fóònù bá wà ní títàn ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ìpè tó bọ́ sí voicemail lè jẹ owó, gbígbọ́ ìránṣẹ́ náà sì lè jẹ owó pẹ̀lú.

FÓÒNÙ ṢỌ́Ọ̀BÙ, ṢỌ́Ọ̀ṢÌ ÀTI ẸGBẸ́

Àwọn kan nínú yín ní ṣọ́ọ̀bù irun, àwọn kan ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, àwọn kan ń mójú tó ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́. Níbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni yóò máa gbọ́ àpótí náà? Iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ẹnì kan, kí ẹ yan igbákejì rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ àti kí ọ́fíìsì tó pa.

Ẹ gba ohùn méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí ọ́fíìsì ṣí tí ọwọ́ dí, èkejì fún ìgbà tí ó ti pa. Ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ń ṣí, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ máa pe ènìyàn padà. Bí ọdún bá kọjá, ẹ yí i. Kò bójú mu kí ẹ̀rọ máa kí ènìyàn kú ọdún Kérésìmesì nínú oṣù March.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fóònù ọ́fíìsì ìgbàlódé lè fi ìránṣẹ́ ohùn náà ránṣẹ́ sí email. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, òfin Data Protection Act 2018 sì kàn án. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí email tí gbogbo ilé ń ṣí.

Èyí tó léwu jù rè é. Àwọn olè máa ń wá àpótí voicemail ọ́fíìsì tí PIN rẹ̀ rọrùn. Wọ́n á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa fi pe nọ́ńbà olówó gọbọi lókè òkun. Òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fẹ́ràn, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nítòsí. Ẹni tó ni fóònù ni wọ́n sábà máa ń gbé bíìlì náà fún. Nítorí náà, ẹ yí PIN gbogbo àpótí padà, ẹ pa àpótí òṣìṣẹ́ tó ti lọ rẹ́. Bí ẹ kì í bá pe òkè òkun láti ọ́fíìsì, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ fóònù ti ọ̀nà náà pa.

BÍ ẸYIN BÁ NI ẸNI TÓ Ń FI ÌRÁNṢẸ́ SÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé kí ẹ tó pè. Ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà wọn, ohun tí ẹ fẹ́ ní gbólóhùn kan, àti nọ́ńbà fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ pè sílẹ̀. Ẹ̀rí yín nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kò pè.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚ-Ẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kan tó ní HMRC ń bọ̀ wá mú yín, pé kí ẹ tẹ 1 kíákíá, irọ́ ni. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ má pe nọ́ńbà tí ìránṣẹ́ bá fún yín láì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà lórí lẹ́tà ọ́fíìsì náà ni kí ẹ pè. Bí wọ́n bá ní báńkì ló ń pè, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ tẹ 159. Ọ̀pọ̀ báńkì ló wà lórí nọ́ńbà yẹn.

Bí ìránṣẹ́ kan bá rú yín lójú, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ mú fóònù náà wá bá wa, ká jọ gbọ́ ọ, tàbí kí ẹ pe Citizens Advice lórí 0800 144 8848. Ṣùgbọ́n lónìí yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ fi fóònù ẹlòmíì pe ti yín, kí ẹ má gbé e. Ohun tí ẹ bá gbọ́ ni dókítà àti káńsù ń gbọ́.