Ibi tí òfin ìlàjà ti ń já oníṣòwò kulẹ̀

Ọ̀pọ̀ kọngilá àti oníṣòwò ló ń buwọ́ lu ìwé àdéhùn láì ka ìlà kan tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ onílàjà ni kí wọ́n gbé e lọ. Onílàjà tí à ń sọ yìí kì í ṣe bàbá àgbà tó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa yàn án, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀, ohun tó bá sì sọ ti di dandan.

Torí pé ẹjọ́ kóòtù máa ń pẹ́ ni wọ́n ṣe ń sá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìlàjà tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1988 ní ihò nínú. Èyí tó ba oníṣòwò lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ọdún kíkà. Lọ́dún 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ City Engineering àti Federal Housing Authority. Onílàjà ti dá City Engineering láre, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé kóòtù láti gba ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n ní ọdún mẹ́fà tí òfin fún wọn ti kọjá. Àwọn adájọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ti yẹ àdéhùn ni kíka ọdún ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí onílàjà dájọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo àsìkò tí wọ́n fi jókòó níwájú onílàjà, ọdún ń lọ. Ẹ ò rí i pé kí ajigbèsè ṣáà máa fọ̀rọ̀ falẹ̀ ni?

Bí ìwé àdéhùn ò bá sì sọ iye onílàjà, mẹ́ta ni òfin náà ní kí wọ́n yàn. Ẹni tó ń jà torí mílíọ̀nù méjì náírà, níbo ló ti fẹ́ rówó san fún èèyàn mẹ́ta?

Ní May 26, 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò ti 1988. Onílàjà kan ṣoṣo ti tó báyìí bí àdéhùn ò bá sọ iye, wọ́n sì ti yọ àsìkò ìlàjà kúrò nínú ọdún tí wọ́n ń kà. Àtúnṣe gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdánù ṣì lè gba kóòtù lọ láàárín oṣù mẹ́ta láti ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà, kó sì ti ibẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Òfin tuntun ṣètò ìgbìmọ̀ kan tó lè tún ìdájọ́ onílàjà yẹ̀ wò, tó sì yẹ kó gbìyànjú láti parí ẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Àmọ́ bí ẹ ò bá kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé ẹ fẹ́ ìgbìmọ̀ náà, kò kàn yín.