Ọ̀pá Gáàsì Abẹ́ Ilẹ̀ àti Àwọn Tí Ń Wa Òkúta

Ilẹ̀ Okun kì í ṣe ilẹ̀ tí òkúta ṣọ̀wọ́n sí. Láti Ifẹ̀-Olúkòtún ní Yàgbà títí dé Kábà, àpáta pọ̀ lọ súà, kò sì sí ọ̀nà, afárá tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ láìlo òkúta wẹ́wẹ́. Nítorí náà àwa kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ pé ó ń fọ́ òkúta tà. Ohun tí a fẹ́ pe àkíyèsí àwọn ará wa sí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ máa ń rí àwọn aláṣẹ sójú, ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá gáàsì tí a rì mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Gáàsì ń ti Oben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó gba inú ilẹ̀ wá sí Àjàòkúta, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń dé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ọbájáná, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ tí í ṣe ọmọ ìyá wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí iṣẹ́ ọ̀pá mìíràn, tí a wọ̀n ní kìlómítà 614, láti Àjàòkúta lọ sí Kánò. Ibi tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá gbà, kò ní pẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe yóò fi máa wá òkúta kiri ní àyíká rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, irin líle ni, kí ni ọkọ́ lè fi ṣe é? Irin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbora kan wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Bí eyín katapílà bá họ ìbora náà, omi ti rí ọ̀nà. Bí ó bá sì họ irin fúnra rẹ̀, ó lè má bẹ́ lọ́jọ́ náà, kí awakọ̀ katapílà sì bu erùpẹ̀ bò ó, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Ghislenghien, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹ̀rọ ti họ ọ̀pá gáàsì kan nígbà tí wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2004, ọ̀pá náà bẹ́. Ènìyàn 24 ni ó kú, àwọn panápaná tí ó wá nítorí gáàsì tí ń jò wà lára wọn. Àwọn tí ó fara pa lé ní 100.

Ewu ti inú odò tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Bí a bá kó òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nísàlẹ̀ odò, ihò náà kì í dúró sójú kan. Omi yóò máa jẹ ilẹ̀ lọ sí apá òkè odò, títí ọ̀pá tí a rì sábẹ́ omi níbi tí ó jìnnà sí àwọn awakùsà yóò fi yọ síta, tí igi tí àgbàrá gbé yóò sì máa gbá a. Ká má tilẹ̀ sọ ti dáínámáìtì tí ń mi àpáta jìgìjìgì, tàbí ti tírélà tí ó ru òkúta gun orí ọ̀pá níbi tí kò sí kọnkéré tí yóò gba ìwúwo rẹ̀.

Òfin wà. Òfin Ìwakùsà ọdún 2007 kò fàyè gba wíwa ohun àlùmọ́ọ́nì láàrin mítà 50 sí ilẹ̀ ọ̀pá epo, Òfin Ọ̀pá Epo tí a ṣe ní ọdún 1956 sì ti ka gáàsì mọ́ epo. Ní ojú tiwa, mítà 50 kéré fún ẹni tí ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tilẹ̀ wọn 50 náà? Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ kùsà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Aláṣẹ wà ní Àbújá, kò rí ibi tí katapílà dé. Káńsù ń rí i lójoojúmọ́, kò sì ní àṣẹ láti dá a dúró. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, níbí ni kí ẹ ti gbé ohùn sókè, kì í ṣe ní ọjọ́ ìbò nìkan. Ẹ béèrè pé kí aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin jẹ́ kí ọ̀gá káńsù lè dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀ títí olùbẹ̀wò yóò fi dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì wọ̀nyí: gáàsì inú ọ̀pá ńlá kì í sábà ní òórùn, nítorí èyí tí a ń gbọ́ lára gáàsì ìdáná, àfikún ni. Ariwo ṣíìì láti inú ilẹ̀, koríko tí ó gbẹ nígbà òjò, omi tí ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀: bí ọmọ bá rí ọ̀kan, kí ó sá lọ síbi tí ó jìnnà, kí ó má ṣáná, kí ó pe àgbà. Kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ náà tó fọwọ́ sí ìwé fún oníkúárì kankan, kí wọ́n ní kí ó mú àwòrán ilẹ̀ tí a ya ojú ọ̀nà ọ̀pá sí wá, kí àwọn tí ó ni ọ̀pá náà sì wá kan òpó àmì mọ́lẹ̀ ní ìṣojú gbogbo ìlú.