Imí-Eṣú: Ẹ Mọ Ewé Yìí Kí Ẹ Tó Fi Ṣe Àgbo

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Àbújá, ewéko kan kì í pẹ́ hù sí ẹ̀bá ọ̀nà, sínú oko àti sórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí. Irun wẹ́wẹ́ bo ewé rẹ̀, bí a bá sì fi ọwọ́ ra á, òórùn òbúkọ ni í jáde lára rẹ̀. Imí-eṣú ni Yorùbá ń pè é. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Ageratum conyzoides.

Ẹbí ńlá tí òdòdó sunflower wà ni imí-eṣú wà. Ewúro àti yánrin tí a fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú wà nínú ẹbí náà. Nǹkan bí 40 irú ewéko ni ó wà nínú ẹ̀yà Ageratum, Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà sì ni orísun ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ orúkọ ẹ̀yà yìí jáde ní ọdún 1753. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni "aláìgbó", nítorí pé òdòdó rẹ̀ kì í tètè ṣá.

Imí-eṣú lè ga tó mítà kan. Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń kọjú sí ara wọn lára igi. Ọ̀pọ̀ òdòdó kéékèèké ni ó pé jọ di orí òdòdó kan, àwọ̀ wọn sì lè jẹ́ funfun tàbí búlúù rírẹ̀. Kò ní ewé òdòdó gbọọrọ bí èyí tí ó yí orí sunflower ká.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fún oje rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́. Àwọn mìíràn a máa sè é mu nítorí ibà àti inú rírun. Ìwádìí ti fi hàn pé oje rẹ̀ lè pa àwọn kòkòrò àrùn kan. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan tí a ń pè ní pyrrolizidine alkaloids wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ó yẹ kí ó pa oró wọn ni ó ń sọ wọ́n di májèlé, májèlé náà a sì máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀ jẹ́. A kò lè gbẹ́kẹ̀ lé sísè láti mú wọn kúrò.

Láti ọdún 2001 ni àrùn ẹ̀dọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará abúlé ní Tigray, ní orílẹ̀-èdè Ethiopia. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n bá irú èròjà yìí nínú ọkà tí wọ́n kó pamọ́, wọ́n sì tọ́ka sí imí-eṣú tí ó dàpọ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì láti mọ orúkọ ewé. Ní ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Idu, Àbújá, wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewéko gbígbẹ pẹ̀lú orúkọ wọn, kí olùwádìí má baà fi ewé kan pe òmíràn.

Kí aláboyún, abiyamọ, ọmọdé àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn má ṣe mu àgbo imí-eṣú rárá. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa mu ún lemọ́lemọ́. Àgbẹ̀ ní láti ro ó kúrò nínú oko kí ìkórè tó dé. Bí ojú àti ìtọ̀ bá pọ́n, tí ikùn sì ń wú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ irú àgbo tí ẹ mu fún dókítà láìfi bò.